Pépà Tí A Ká sí Méjì: Oṣù Mẹ́ta Mi ní Warri

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn tí ẹ ní kí n má lọ sí Warri, mo ti lọ, mo sì ti dé. Ọwọ́ mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Ẹ ní wọ́n á jà mí lólè, olè kankan ò jà mí. Ẹ ní wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí máa fi sunkún. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, mo sì sunkún, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ kọ́ ló pa mí lẹ́kún, ìṣirò ni. Ọpẹ́ ló kún inú mi báyìí. N ó rò ó fún un yín bó ṣe rí, láì fi iyọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó gbé mi lọ, nítorí ìyá mi ti ń sọ káàkiri àdúgbò pé mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa epo. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Irin yẹn ò ní jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Á ṣe agídí díẹ̀. Ẹ wá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, agídí náà á yí padà. Nígbà mìíràn á le sí i, nígbà mìíràn á rọ̀. Irú agídí yìí ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó lówó ń wọn agídí yìí nínú ilé ìwádìí ńláńlá. Àwa tí a ò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìṣirò la fi ń wá a. A ó kọ bí irin náà ṣe rí sílẹ̀ ní nọ́ńbà, a ó sì ní kí kọ̀ǹpútà sọ iye tí agídí rẹ̀ máa jẹ́. Mi ò fọwọ́ kan irin kankan rí nínú iṣẹ́ mi.

Ọdún keje rèé tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí lé oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹ̀kọ́ ti sún ọjọ́ síwájú fún mi. Wọ́n ní tí mi ò bá kó ìwé mi wá kí ọdún tó parí, kí n gbàgbé ẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò bá sì ní oyè yẹn, wọ́n ò ní jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó ń tọ́ mi sọ́nà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníṣirò, ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti ń di bàìbàì. Òun ló ní kí n lọ bá obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri, kó bá mi ka iṣẹ́ náà kẹ́yìn kí n tó kó o lọ. Bàbá ní òun ò mọ obìnrin náà lójú, ìwé rẹ̀ lòun máa ń kà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Bí mo ṣe di ẹrù mi nìyẹn.

* * *

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò gbà yín lákòókò. Lẹ́yìn Benin, igi rọ́bà tò lọ títí bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Òjò yẹn ò dá títí mo fi dé Effurun. Mo rò pé mo mọ òjò tẹ́lẹ̀. Tiwa ní Ìṣẹ́yìn, tó bá rọ̀ tán, á lọ sílé. Tiwọn kì í lọ, á kàn sinmi díẹ̀ ni.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kún gbogbo ìta. Mo nawọ́ sí ọ̀kan, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi awakọ̀ bóyá ó lè ṣàánú mi, kó gbé mi dé Agbassa. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó ti jókòó sẹ́yìn, ó ní, "See Ngbati dey blow grammar inside rain." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ngbati ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, torí wọ́n ní "nígbà tí" ò jìnnà sẹ́nu wa. Inú bí mi títí a fi dé.

Ibi tí wọ́n ti já mi sílẹ̀, omi ti bo gọ́tà mọ́ títì, mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ gbé wà. Ọkùnrin tó fi mí ṣẹ̀sín yìí náà ló pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ká ṣòkòtò, tó gbé báàgì mi lé orí, tó sì ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò níwájú mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà tí mò ń lọ. Mo ní kí n fún un ní nǹkan, ó kọ̀. Ó ní kí n má bínú, eré lòun ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bú ọ kì í tún bá ọ gbẹ́rù.

Ilé Alhaja Sàríyù ni mo dé sí. Òun àti ìyá mi jọ lọ ilé kéú ní kékeré, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Warri. Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Alhaja. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá ìyá mi ló ń sọ bí ẹni ń mumi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rúkà, tó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oògùn, á gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ, á sì fi Píjìn dá a lóhùn. Alhaja á ní, "Rúkà, bu omi ìwẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Rúkà á ní, "Mama, I don put am for bathroom." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé èdè méjì ni wọ́n ń sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé sìtáàṣì, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò, àti ọbẹ̀ banga síwájú mi. Ẹyìn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan tó àlejò jẹ. Sìtáàṣì ni mi ò mọ̀ ọ́n jẹ. Mo bù ú bí ẹni bu iyán, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ kejì yọ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà. Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní irú nǹkan tó ṣe òun náà nìyẹn lọ́dún tóun dé, kí n kọ́kọ́ ti ìka bọ inú ọbẹ̀ kí epo lè bá mi bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, èmi ni mò ń bi Rúkà bóyá sìtáàṣì ṣì kù.

* * *

Ọ̀jọ̀gbọ́n Onome, ọmọ Urhobo, ń gbé ní Ugbolokposo. Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, kò ga, ó sì fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní "Vrẹndo", ìyẹn ni pé kí n dìde. Ó wá sọ fún mi pé àwọn náà ń kúnlẹ̀, pé "Migwo" táwọn ọmọ wọn fi ń kí àgbà, ìkúnlẹ̀ gan-an ló ń sọ. Mo ti rò pé àwa nìkan la mọ àgbà á kí láyé. Ojú tì mí díẹ̀.

Mo yọ kọ̀ǹpútà mi, ó ní kí n dá a padà. Ní ilé òun, àlejò ò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá kó tó jẹun. Ó bu ukodo fún mi, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nínú omi ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́. Ata náà dé etí mi. Mo ń jẹ, imú mi ń ṣomi, òun sì ń bi mí léèrè ìyá mi, ọkọ mi, àwọn ọmọ mi, bí iṣu ṣe rí lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí. Ó tó wákàtí méjì kó tó ní, ó dáa, kí ló gbé mi wá. Mo fẹ́ gbé ìwé mi lé e lọ́wọ́, ó tún ní rárá, kí n padà wá ní Sátidé.

Ẹ gbọ́ àṣà Sátidé yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gbogbo àwọn tó bá ń ṣiṣẹ́ ìṣirò lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n á jókòó yíká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò sí pátákó, kò sí pépà, kò sí kọ̀ǹpútà. Ẹnu lásán ni wàá fi sọ iṣẹ́ rẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Píjìn sì ni wàá fi sọ ọ́. Ó ní gẹ̀ẹ́sì máa ń bo ohun téèyàn ò mọ̀ mọ́lẹ̀, pé tó o bá ti sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, gbogbo èèyàn á mi orí, ìwọ náà á sì rò pé o mọ̀ ọ́n. Ó ní Píjìn ò ní aṣọ tó o lè fi bo nǹkan.

Mo dìde ní Sátidé àkọ́kọ́, mo sọ gbólóhùn méjì, gbogbo wọn ń wò mí. Mi ò gbọ́ Píjìn débẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra ní kí n jókòó, kí n lọ kọ́ ọ, kí n wá padà. Inú bí mi o. Èmi tí mo ti fi ọdún méje kàwé, kí wọ́n ní kí n lọ kọ́ èdè ọmọ gáréèjì? Mo délé, mo sọ fún Alhaja pé mò ń padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́la. Alhaja ń to ìkòkò, kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Abèèrè kì í ṣìnà. Rúkà ló gbọ́ ọ, òun ni kó o bi."

Rúkà kọ́ mi. Tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, á jókòó tì mí, á ní kí n sọ nípa irin mi. Ohun tó ń jẹ́ agídí lẹ́nu mi, òun sọ ọ́ di wàhálà: wàhálà tí irin ń fún iná. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní mò ń sọ Píjìn bí ẹni ń ka ìròyìn. Ṣùgbọ́n kò sú u, kò sì jẹ́ kó sú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

* * *

Sátidé kẹrin, mo dìde lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ nípa irin, mo sọ nípa iná, mo sọ wàhálà tó wà láàárín wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ara mi sì ti ń balẹ̀. Mo dé ibi àwòrán tó ń fi bí wàhálà náà ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù hàn, ẹnu lásán ni mo fi yà á. Àárín àwòrán ni ìgbà tí kò sí mágínẹ́ẹ̀tì rárá. Apá ọ̀tún ni ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì kọjú sí ọ̀nà kan, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo sọ apá ọ̀tún yékéyéké. Apá òsì wá kù, ìgbà tí a bá yí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn kọjú sí òdìkejì. Mo ní, "The other side na the same thing." Mo sì fẹ́ jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó ní, "Who tell you say na the same thing? You don waka reach there?"

Òótọ́ ni pé mi ò rìn débẹ̀ rí. Bàbá Oníṣirò ló kọ́ wa pé ká ṣe ìṣirò apá ọ̀tún nìkan, ká wá ká pépà sí méjì láàárín, ká tẹ apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. Bí òun ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bí àwa ọmọ rẹ̀ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ti wá ń bá wa ká a báyìí, a ò tiẹ̀ rí pépà mọ́. Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé "we dey fold am." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ yọ ẹ̀gún. Ó ní tó bá jẹ́ bàbà lásán ni, kíká ò burú, nítorí bàbà kò ní mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n irin tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú òun fúnra rẹ̀. Tí a bá yí mágínẹ́ẹ̀tì ìta padà, ti inú kì í yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ṣì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, á ṣe oríkunkun títí a ó fi fipá yí i. Nítorí náà, ibi téèyàn ti ń bọ̀ ṣe pàtàkì. Tí a bá gba ọ̀tún lọ sí òsì, ohun tí a ó rí yàtọ̀ sí ohun tí a ó rí tí a bá ń padà bọ̀. Ẹni tó bá ká pépà ti pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́ láì mọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wọn irú irin yìí lókè òkun ti kọ ọ́ pé àwọn rí òkè kékeré méjì nínú àwòrán, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan àárín. Tèmi ní òkè ẹyọ kan ṣoṣo, gangan láàárín. Ojú ìwé mẹ́fà odidi ni mo ti kọ sínú iṣẹ́ mi láti fi ṣàlàyé pé irin tiwọn ló dọ̀tí.

* * *

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi rin apá òsì. Yàrá kan ní ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ti ṣe é, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo kọ mágínẹ́ẹ̀tì inú irin sínú ìṣirò bó ṣe yẹ, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà lọ láti ọ̀tún dé òsì, kó tún padà. Nígbà tó parí, òkè kékeré méjì jókòó síbẹ̀, ọ̀kan ní àlọ, ọ̀kan ní àbọ̀, bí àwọn ará òkè òkun ṣe wí. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Ẹ má rò pé torí iṣẹ́ ọdún méje tó bàjẹ́ nìkan ni. Ìwé tó sọ Bàbá Oníṣirò di ẹni táyé mọ̀, tó tẹ̀ jáde ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, irú irin yìí náà ló dá lé. Ó ká pépà níbẹ̀. Tí mo bá sọ pé mo ṣì í, mo ti sọ pé Bàbá ṣì í. Bàbá tó fi owó ara rẹ̀ san owó iléèwé mi nígbà tí bàbá mi kú. Ẹnu wo ni máa fi sọ ọ́? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí mo bá dákẹ́, tí mo kó ìwé náà lọ bó ṣe wà, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ Bàbá ni gbogbo wọn, pépà ni gbogbo wọn ń ká. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Máa gba oyè, máa dúró sẹ́nu iṣẹ́, Bàbá á sì lọ sílé ìsinmi rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rere. Mo ro èyí gidi, mi ò ní purọ́ fún un yín.

Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó bá mi kọ lẹ́tà sí Bàbá, torí ẹgbẹ́ ni wọ́n, àgbà sí àgbà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Kò sì sọ pé kí n kó ìwé lọ tàbí kí n má kó o lọ. Ó kàn ní, "Me I be stranger to am. Na you be him pikin."

Alhaja ni mo wá sọ ọ́ fún. Kò mọ nǹkan kan nípa irin àti iná, ṣùgbọ́n ó mọ àgbà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òtítọ́ ò ṣeé gbé mì, ṣùgbọ́n ó ṣeé rọra gbé kalẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí n lọ bá a nílé. Ó ní kí n má sọ pé ẹ ṣì í. Kí n kúnlẹ̀, kí n sọ pé èmi ni mo ṣì í, kí n gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Tó bá fẹ́ rí i, á rí i. Tí kò bá fẹ́ rí i, mo ti ṣe tèmi, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ọmọ ló ń gba àṣìṣe àgbà rù.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n di ẹja gbígbẹ fún ìyá mi. Alhaja fún mi ní ìkòkò kékeré. Rúkà tẹ̀ lé mi dé ibi mọ́tò, ó bá mi bú àwọn tó fẹ́ ja ẹrù mi gbà, mo sì bá a bú wọn díẹ̀ ní Píjìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá wa gbé ẹrù sínú mọ́tò. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún àwọn èèyàn yìí tí wọ́n fi ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

* * *

Inú mi dùn láti tún rí Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo lọ bá Bàbá.

Kí n tètè sọ fún un yín kí ọkàn yín lè balẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ fún mi ní ọdún kan sí i. Wọn kì í fún èèyàn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àfi tí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà bá kọ̀wé pé ìdí pàtàkì kan wà. Lẹ́tà Bàbá ló jẹ́ kí wọ́n fún mi. Bí a ṣe kọ lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Bàbá jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ Warri fún un, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ sìtáàṣì. Mo wá sọ ọ́ bí Alhaja ṣe kọ́ mi. Mo ní mo ti ṣe àṣìṣe kan, kó dákun bá mi wò ó. Mo tẹ́ àwòrán méjì síwájú rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun.

Ó gbé ti tuntun sún mọ́ ojú. Ó fi ìka tọ òkè kékeré ti àlọ, ó tún fi tọ ti àbọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ti tẹ́lẹ̀, ó wo àárín rẹ̀ pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ láti máa ká pépà?"

Mo tún àwòrán méjèèjì tò níwájú rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ ni mo bi ọ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìwọ wá kúnlẹ̀ síbí, o ń pe ohun tí mo kọ́ ọ ní àṣìṣe tìẹ."

Kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún mi nípa ìgbà tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ní gbogbo ẹ̀ka, tí iná ń wá fún wákàtí méjì lóòjọ́, tí èèyàn mẹ́jọ ń tò sídìí rẹ̀. Ó ní bàbà lòun kọ́kọ́ ń ṣe, òun sì rí i pé tóun bá ká pépà, ìdajì iná tó, àwọn yòókù á lè ráyè ṣe tiwọn. Nígbà tóun kúrò lórí bàbà, tóun bọ́ sórí irin, ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Ó bi mí bóyá àṣìṣe náà wà nínú ìwé tó sọ òun di ẹni táyé mọ̀. Mo ní irin kan náà ni, sà. Ó mi orí.

Ó ní kí n wá pépà àti bírò, kí n máa kọ ohun tóun bá ń sọ, torí ojú òun. Mo kọ ọjọ́, mo kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí àṣìṣe kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìṣirò náà, ó sì nílò ọdún kan láti tún un ṣe. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ pé, "Èmi ni mo ni àṣìṣe náà. Ó wà nínú ìwé tí mo tẹ̀ jáde, mo sì fi kọ́ gbogbo àwọn tí mo tọ́."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú, kò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé a rí àṣìṣe, ó ti tó, wọn ò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá na ọwọ́. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó gba pépà, ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn méjèèjì, ní lẹ́tà ńláńlá tó ń yà kúrò lórí ìlà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dá bírò padà fún mi, ó ní ó yá, kí n máa kọ ìyókù.